Bí a ṣe ń wá jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹranko: láti orí òkété dé orí kọ̀ǹpútà, ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ọpọlọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: “Ṣé jíìnì yìí wà nínú ọpọlọ?” Ìbéèrè yẹn kò tó ṣe iṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí àwọn olùwádìí Allen Institute ní ìlú Seattle, Amẹ́ríkà, ya àwòrán ọpọlọ eku ilé (mouse) láti orí dé ìdí, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 2007, nǹkan bíi 20,000 jíìnì ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbì kan nínú ọpọlọ. Ẹni tó bá di ojú mú jíìnì kan, ó ṣeé ṣe gan-an kó bá a níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa béèrè ni pé: apá ibo, nínú sẹ́ẹ̀lì wo, ní àkókò wo, kí ló sì ń ṣe níbẹ̀?

DNA kan náà ló wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan, yálà ti ẹ̀dọ̀ tàbí ti ọpọlọ. Jíìnì ni apá DNA tó ní ìtọ́ni fún iṣẹ́ kan, RNA sì ni ẹ̀dà ìtọ́ni náà tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń dà kọ sí RNA. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé RNA la máa ń lépa. Ọpọlọ náà kò sì dọ́gba nínú ara rẹ̀. Bí Ifẹ̀ ló rí: Ìrẹ̀mọ, Òkèrèwè, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ìlódè àti Ìlárè, ìlú kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ará gbogbo wọn pọ̀ sójú kan kò ní mọ ẹni tó wá láti àdúgbò wo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá lọ odindi ọpọlọ pọ̀ ṣe ń sọ ìdáhùn rẹ̀ nù.

Jíìnì kan ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé ìparí: Th. Òun ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣíṣe dopamine, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí ẹ́ńsáìmù yìí ń mú jáde ni L-DOPA, èyí tó wà nínú kóró yèrèpè inú igbó wa, tí àwọn dókítà sì ń fún ẹni tí àìsàn Parkinson ń bá jà, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó ń lo Th ní àárín ọpọlọ ló ń kú lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó tì

Iṣẹ́ ìpele yìí kò gba kẹ́míkà kankan, dátà íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń jẹ. Ẹ má ṣe ra ohunkóhun kẹ́ ẹ tó parí rẹ̀.

Ẹ wọ NCBI Gene, àkójọ jíìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ jíìnì yín. Ẹ fiyè sí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ: lẹ́tà ńlá ni gbogbo ti ènìyàn (TH), lẹ́tà ńlá kan níwájú ni ti eku (Th). Ẹni tó bá dà wọ́n rú yóò fi jíìnì ènìyàn ṣe práímà (ègé DNA kúkúrú tó ń tọ́ka ibi tí a fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀) fún eku láìfura. Ẹ wo iye ègé (exon) tí jíìnì náà ní àti iye oríṣi RNA tó ń mú jáde. Ìkejì yìí ṣe pàtàkì, torí kò sí ẹ̀yà ara tó ń gé RNA tó sì ń tò ó ní oríṣiríṣi ọ̀nà bí ọpọlọ. Oríṣi mẹ́rin ni TH ti ènìyàn ń mú jáde. Ti eku kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Allen Mouse Brain Atlas, àkójọ àwòrán àwọn ará Seattle yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Kẹ́ ẹ tó wo jíìnì tiyín, ẹ wo Th, kí ojú yín lè mọ bí àwòrán ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i tó dúdú kedere ní àárín ọpọlọ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní substantia nigra, àti níwájú pátápátá nínú olfactory bulb, ibi tí òórùn ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tó kù ló mọ́. Tójú yín bá ti mọ èyí, ẹ wo àwọn tó ń fi sẹ́ẹ̀lì hàn: Rbfox3 fún núrọ́ọ̀nù, sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ, Gfap fún astrocyte tó ń ṣètìlẹ́yìn fún un, Mbp fún sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ̀rá bo okùn núrọ́ọ̀nù, Aif1 fún microglia tó ń ṣọ́ ọpọlọ. Ẹ fi àwòrán jíìnì yín wé tiwọn. Ẹ tún wo Human Protein Atlas, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ibi kan náà ló wà nínú ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn tẹ́ ẹ ń wá ti wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe kà á sí àdánù. Ó ti sọ ibi tẹ́ ẹ máa gé fún yín.

Ẹranko wo?

Eku funfun Wistar ló pọ̀ jù nínú ilé ẹranko wa, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ èrò mi ni pé òkété ló yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dé ojú àmì ní Ifẹ̀ gbájú mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lábù ló ti tú Wistar palẹ̀. Òkété, tó jẹ́ ẹbí mìíràn sí eku ilé àti eku funfun, kò ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Imú rẹ̀ sì le: ẹbí òkété ni àjọ APOPO ń kọ́ ní Tanzania láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù inú ilẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹranko tó ń fi òórùn gbé ayé báyìí, kí ni Th ń ṣe nínú olfactory bulb rẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ohun èlò rẹ̀ sì wà nínú oko tó yí wa ká.

Ààyè ni ẹ ó rà á lọ́wọ́ ọdẹ. Èyí tí wọ́n ti pa tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọbẹ̀ ló wúlò fún. RNA inú rẹ̀ ti fọ́. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko fún ìwádìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ onípele méjì, ẹ bo imú àti ojú. Ẹranko igbó ni. Lọ́dún 2003, àwọn òkété tí wọ́n kó láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà wà lára ẹranko tó gbé àrùn mpox dé ibẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra kí eku kékeré inú oko má bá wọn wọ inú àgò kan náà, nítorí eku Mastomys ló ń gbé àìsàn Lassa kiri. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ wọ́n wò, kẹ́ ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìgbà tó bá sọ, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n fún iṣẹ́.

Yíyọ ọpọlọ

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, ìbàjẹ́ rẹ̀ kì í sì í hàn títí di ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà.

Àkókò lohun àkọ́kọ́. Àwọn jíìnì bíi Per1 àti Per2 ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọ̀sán àti òru. Òkété sì rèé, alẹ́ ló ń jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọpọlọ ọ̀kan ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tẹ́ ẹ yọ ti èkejì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìyàtọ̀ aago lẹ ó rí, ẹ ó sì rò pé ìyàtọ̀ ẹranko ni. Wákàtí kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò fún gbogbo wọn. Ìkejì ni ìpayà: RNA jíìnì Fos máa ń gbéra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀rù bá ba ẹranko, ó sì máa ń ga jù ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti mọ yàrá náà àti ọwọ́ ẹni tó máa gbé wọn. Ẹ má sì ṣe pa ọ̀kan lójú èkejì. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní ọ̀nà tí kò ní mú ẹranko jìyà ni kó ṣe é.

Tó bá ti sùn tí kò mọ ohunkóhun mọ́, ẹ fi omi iyọ̀ tútù ṣan ẹ̀jẹ̀ jáde gba inú ọkàn rẹ̀. Ẹ ṣí agbárí, ẹ gbé ọpọlọ jáde, ẹ tẹ́ ẹ sórí dígí tó wà lórí yìnyín wẹ́wẹ́. Olfactory bulb máa ń já sínú agbárí tí ọwọ́ bá yá jù, torí náà ẹ tú egungun iwájú dáadáa. Ẹ gé apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àwòrán ọpọlọ eku níwájú yín: bulb, cortex, hippocampus, àárín ọpọlọ nísàlẹ̀, cerebellum.

Fún hippocampus, ẹ fara balẹ̀. Choroid plexus, ẹran ara wẹ́wẹ́ tó ń ṣe omi ọpọlọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ lé e. Jíìnì Ttr pọ̀ nínú ẹran wẹ́wẹ́ yìí ju bó ṣe yẹ ká rí i nínú hippocampus lọ. Àwọn ènìyàn ti rí Ttr tó “lọ sókè”, wọ́n sì ti kọ ìtàn gígùn lé e lórí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ló ṣẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n wọn Ttr nínú gbogbo hippocampus ṣáájú ohun mìíràn. Èyí tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ gedegbe sí ti àwọn yòókù, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò. Láwọn ibòmíì, nitrogen olómi ni wọ́n ń sọ ọpọlọ sí, kí wọ́n tó gbé e sí fírísà tó tutù dé -80. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ti lè mú iná lọ láàárọ̀ kí wọ́n má dá a padà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, RNAlater, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí RNA fọ́, ni kẹ́ ẹ gbára lé. Ẹ gé ẹran náà kó má nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, kí oògùn náà pọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi í sí dígíríì 4 mọ́jú. Nínú rẹ̀, RNA lè wà fún ọ̀sẹ̀ kan nínú yàrá tí kò gbóná ju dígíríì 25 lọ, oṣù kan ní dígíríì 4, kó sì pẹ́ gan-an ní -20. Ooru Ifẹ̀ lóṣù Kẹta ń kọjá dígíríì 25, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sórí tábìlì pé ìwé ní kò séwu.

Yíyọ RNA

Ọ̀tá yín ni RNase, ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ RNA. Ó wà nínú òógùn, nínú itọ́, nínú eruku ọyẹ́. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ léraléra, ẹ ya pìpẹ́ẹ̀tì kan sọ́tọ̀ fún RNA nìkan, kẹ́ ẹ sì pa fáànù nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí túùbù.

Ọ̀nà tí Chomczynski àti Sacchi gbé jáde lọ́dún 1987 la ṣì ń lò, èyí tí TRIzol jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Phenol wà nínú rẹ̀, ó ń jó ara: abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Mílílítà 1 TRIzol fún mílígíráàmù 50 sí 100 ẹran. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ọ̀rá pọ̀ nínú ọpọlọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yí i nínú sẹ́ńtífúùjì ní 12,000 × g fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ mú omi tó wà lábẹ́ ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ ìtọ́nilọ́nà kì í mẹ́nu kan ìgbésẹ̀ yìí, àìṣe é ló sì máa ń fà á tí RNA kì í fi í mọ́. Ẹ fi chloroform mílílítà 0.2 sí i, ẹ mì í gidi fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3, ẹ yí i ní 12,000 × g fún ìṣẹ́jú 15 ní dígíríì 4. Yóò pín sí mẹ́ta. Omi mímọ́ òkè ni RNA wà. Ẹ má fa gbogbo rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí funfun àárín, nítorí DNA wà níbẹ̀. Isopropanol mílílítà 0.5, ìṣẹ́jú 10, ẹ tún yí i fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi ethanol 75% fọ̀ ọ́, ẹ yí i ní 7,500 × g fún ìṣẹ́jú 5, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kó má gbẹ jù, ẹ sì fi omi tí kò ní RNase tú u.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ìpín 260 sí 280 (iye ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà mọ́ra ní nanomítà 260, tí a fi ti 280 pín) yẹ kó sún mọ́ 2.0. Nọ́ńbà yìí kò sọ bóyá RNA fọ́, ó kàn ń sọ pé purotéènì kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni. Ẹ fi iná mànàmáná wọ́ ọ gba inú jẹ́ẹ̀lì: ìlà méjì gbọ́dọ̀ hàn ketekete, 28S àti 18S, RNA ńlá méjì inú ribosome, kí ti òkè mọ́lẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀. Tó bá ṣe bí èéfín látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, ẹranko kan ti kú sí i, ṣùgbọ́n RNA tó fọ́ kò ní sọ òtítọ́ fún yín.

Ẹ fi DNase pa DNA tó ṣẹ́ kù.

Práímà fún ẹranko tí kò sí nínú ìwé

Ẹ fi reverse transcriptase, ẹ́ńsáìmù tí Temin àti Baltimore rí lọ́dún 1970, yí RNA padà sí cDNA, ìyẹn ẹ̀dà rẹ̀ ní DNA. Ẹ lo práímà aláìlétò pọ̀ mọ́ ti oligo-dT, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ òpin ìrù RNA, nítorí ìrù RNA ọpọlọ máa ń gùn, oligo-dT nìkan sì lè máà dé ibi tẹ́ ẹ ń wá.

Tó bá jẹ́ Wistar, Primer-BLAST orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò yan práímà fún yín: lẹ́tà DNA (A, C, G, T) 18 sí 22, G àti C láàárín 40% sí 60%, kí ohun tó máa jáde wà láàárín lẹ́tà 80 sí 150, kí ọ̀kan nínú práímà náà sì jókòó sórí oríta ègé méjì kó má baà mú DNA.

Tí òkété bá wá kò ní ìtò lẹ́tà Th tẹ́ ẹ lè gbára lé ńkọ́? Ẹ gba ti eku ilé, eku funfun, hamster àti ènìyàn, ẹ tò wọ́n lé ara wọn nínú Clustal Omega. Ibi tí gbogbo wọn bá ti bára mu láìyẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé práímà sí, pàápàá lẹ́tà márùn-ún tó kẹ́yìn. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu pátápátá, ẹ ní kí wọ́n ṣe práímà alámùúlùmálà, èyí tó ní lẹ́tà ju ẹyọ kan lọ lójú kan. Irú práímà yìí ni Linda Buck àti Richard Axel lò lọ́dún 1991 láti fi rí ẹbí jíìnì tó ń gba òórùn nínú imú eku, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 2004.

Ẹ má ṣe gbé PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ ègé DNA di púpọ̀, láìsí túùbù ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan tí kò ní reverse transcriptase: tí nǹkan bá hàn nínú rẹ̀, DNA lẹ ń rí. Ọ̀kan tó jẹ́ omi lásán: tí nǹkan bá hàn, kẹ́míkà yín ti dọ̀tí. Ọ̀kan láti ẹ̀yà ara tó dájú pé Th wà; ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín (adrenal) dára fún èyí. Ọ̀kan láti ẹran iṣan ẹsẹ̀, tí a kò retí Th nínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán jẹ́ẹ̀lì hàn mí tí kò ní túùbù àkọ́kọ́ yẹn, mi ò lè bá a jíròrò ohunkóhun tó kù.

Ẹ gé ohun tó jáde, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi BLAST wá ìbátan rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ pé Th òkété lẹ mú.

Ẹ rántí pé ẹ lè gba ọ̀nà tó yàtọ̀: kẹ́ ẹ ka gbogbo RNA láìyan ọ̀kan. Lọ́dún 1991, ẹgbẹ́ Craig Venter ka ègé cDNA ọpọlọ ènìyàn tó lé ní 600, 337 nínú rẹ̀ ló jẹ́ jíìnì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Lónìí, RNA-seq ń ka ẹgbàágbèje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ ṣì ga, àmọ́ tí lábù mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀, ó ṣeé ṣe.

Wíwọn rẹ̀

Fún qPCR, PCR tó ń wọn iye, ẹ lo jíìnì òṣùwọ̀n méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi hàn pé wọn kì í yí padà láti apá ọpọlọ kan dé òmíràn. Gapdh, jíìnì òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò, nìkan kò tó. Ìlànà Livak àti Schmittgen, 2001, rọrùn. Ká ní ní àárín ọpọlọ, Ct Th (iye ìyípo kí ẹ̀rọ tó rí i; bó ṣe kéré sí ni jíìnì pọ̀ sí) jẹ́ 22, ti òṣùwọ̀n jẹ́ 18: ìyàtọ̀ 4. Nínú bulb, 24 àti 18.5: ìyàtọ̀ 5.5. Yíyọ 4 kúrò nínú 5.5 ku 1.5; 2 tí a gbé ga dé 1.5 jẹ́ nǹkan bíi 2.8. Th àárín ọpọlọ fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti bulb. Ìṣírò yìí dúró kìkì tí práímà méjèèjì bá ń ṣe ìlọ́po méjì ní gbogbo ìyípo, nítorí náà ẹ ṣe àdàlù onídáa-mẹ́wàá, kẹ́ ẹ rí i pé agbára wọn wà láàárín 90% sí 110%.

Túùbù mẹ́ta láti ara ẹranko kan, ẹranko kan ṣì ni.

Sẹ́ẹ̀lì wo?

qPCR mọ àdúgbò, kò mọ ilé. Láti mọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ ṣe in situ, ìyẹn wíwá RNA lójú ibi tó wà gan-an. Ẹ fi paraformaldehyde 4% mú ọpọlọ le, ẹ rì í sínú ṣúgà 30% títí yóò fi rì sísàlẹ̀, ẹ gé e pẹlẹbẹ. Ẹ ṣe RNA tó jẹ́ òdìkejì Th, tí àmì digoxigenin wà lára rẹ̀, kó lè lẹ̀ mọ́ ti inú sẹ́ẹ̀lì. Àwọ̀ àlùkò yóò hàn níbi tó bá lẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe èyí tí kì í ṣe òdìkejì pẹ̀lú, sórí ègé tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò gbọdọ̀ mú àwọ̀ kankan wá.

Ẹ fi antibody Th, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ purotéènì Th, ṣe ìkejì rẹ̀ bẹ́ ẹ bá lè rí i rà. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé RNA máa ń dúró nínú ikùn sẹ́ẹ̀lì jù, ṣùgbọ́n purotéènì lè rìn gba okùn núrọ́ọ̀nù lọ síbi tó jìnnà. Striatum, apá ọpọlọ mìíràn, máa ń kún fún purotéènì Th, nígbà tí RNA rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, torí láti àárín ọpọlọ ni àwọn okùn náà ti wá. Bí àwòrán méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má ṣe yára pe ọ̀kan ní irọ́.

Irú jíìnì wo ni?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ odindi jíìnì òkété, ẹ lo RACE láti dé orí àti ìrù. Ẹ gbé e sínú ORFfinder kẹ́ ẹ rí ibi tí purotéènì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, lẹ́yìn náà InterPro fún àwọn apá tó mọ iṣẹ́. Ẹ má fojú kéré ìrù tí kì í di purotéènì. RNA jíìnì Bdnf ní ìrù kúkúrú àti gígùn. Purotéènì kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó gùn ló ń rìn lọ sí ẹ̀ka núrọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá gbé práímà sí ìrù gígùn nìkan yóò sọ pé Bdnf kéré níbi tó ti pọ̀.

Láti mọ iṣẹ́ jíìnì gan-an, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà. Fún eku ilé, àjọ IMPC ti ń pa jíìnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá tiyín níbẹ̀. Fún òkété, a kò tíì dé ibẹ̀, ìfiwéra ni kẹ́ ẹ dúró lé.

Nígbà tí lẹ́tà bá ti dájú, ẹ fi í sí GenBank, àkójọ lẹ́tà DNA fún gbogbo ayé, kẹ́ ẹ tó kọ ìwé. Wọn yóò bèèrè orúkọ ẹranko, akọ tàbí abo, apá ọpọlọ tẹ́ ẹ gé, ọjọ́ tẹ́ ẹ mú un àti ibi tó ti wá. Ẹ má ṣe kọ “ọpọlọ” lásán sí ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹran ara. Ẹ kọ “olfactory bulb”. Níbi orúkọ ibi tó ti wá (geo_loc_name), ẹ kọ “Nigeria: Ile-Ife”, kí ẹni tó bá ń wá òkété lè rí i níbẹ̀.